Ọgbà Atani, Ọgbà Apani: Ẹ Má Pè Wọ́n Lórúkọ Kan Náà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí lè má dùn létí àwọn onílé àti àwọn àgbẹ̀ kan, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá ri òpó irin yí oko tàbí ilé rẹ̀ ká, tó na wáyà mọ́ ọn, tó wá fa iná NẸ́PÀ tààrà sínú wáyà náà, kò ṣe ọgbà. Pàkúté ló dẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ni yóò pa, ìbáà ṣe olè, ìbáà ṣe ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń lé bọ́ọ̀lù.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dáàbò bo ohun ìní rẹ̀. Àgbẹ̀ tó gbin ẹ̀gẹ́ fún odidi ọdún kan, tí wọ́n wá hú u lóru ọjọ́ kan, ẹkún rẹ̀ kì í ṣe ẹkún àwàdà. Òfin tó ka fífi ẹran jẹko ní gbangba léèwọ̀ ti wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 2019, Òǹdó àti Ògùn ṣe tiwọn ní 2021, Àmọ̀tẹ́kùn sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 2020. Síbẹ̀ àgbẹ̀ ṣì ń jí lọ sóko bá ìdọ̀tí màálù níbi tí àgbàdo wà lánàá. Àwa náà tí à ń gbé nínú àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà fásitì mọ bí oorun ṣe ń rí nígbà tí ọkàn ẹni kò balẹ̀ lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. A gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń bèèrè ni pé, kí ni ká fi dí ẹnu ògiri ọ̀hún?

Ọmọ èdè ni wá, nítorí náà orúkọ la ó fi bẹ̀rẹ̀. Ohun méjì tí kò jọra ni gbogbo ayé ń pè ní "ọgbà oníná" tàbí "wáyà oníná". Àwa ti pinnu láti máa pe ọ̀kan ní ọgbà atani, kí á máa pe èkejì ní ọgbà apani. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn, nítorí pé èèyàn ń kú sínú àìmọ ìyàtọ̀ yìí.

Ọgbà atani ní ẹ̀rọ kékeré kan tó wà láàárín bátìrì àti wáyà. Bátìrì fólítì 12 tó ń gba agbára láti ara sólà tó fún un. Ẹ̀rọ yìí kì í tú iná sílẹ̀ gbuurugbu. Ńṣe ló ń ta á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, títa náà kì í sì í tó ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá. Fólítì rẹ̀ lè tó 5,000, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí ara tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ti dáwọ́ dúró. Ó máa ń ta èèyàn bí àkekèé, onítọ̀hún á fò sẹ́yìn, á sì bá tirẹ̀ lọ. Màálù tí irú wáyà bẹ́ẹ̀ bá ta nímú lẹ́ẹ̀kan, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán òun létí. Ní New Zealand, láti nǹkan bí 1930 sí 1940 ni àwọn àgbẹ̀ ti ń lò ó. Ní Kẹ́ńyà, wọ́n fi irú ọgbà yìí yí igbó òkè Aberdare ká, nǹkan bí kìlómítà 400, wọ́n parí rẹ̀ ní 2009, kí erin má baà máa wọ oko àwọn àgbẹ̀ tó wà nítòsí. Ẹ gbọ́ o: erin! Bí títa lásán bá lè dá erin padà, èwo ni ti pé àfi ká fi ikú dá olè ẹ̀gẹ́ padà?

Ọgbà apani kò ní ẹ̀rọ kankan. Iná fólítì 230 tí à ń fi lọ aṣọ ni wọ́n fà sí i. Iná yìí kì í sinmi. Ẹni tó bá di wáyà náà mú, iṣan ọwọ́ rẹ̀ á sún kì, àtẹ́lẹwọ́ á dì mọ́ ohun tó yẹ kó jù sílẹ̀, ọkàn á sì dàrú láyà. Ẹ má sì ní kí fíúsì gba èèyàn sílẹ̀, nítorí pé iná tó ń pa èèyàn kéré gan-an sí èyí tó ń já fíúsì. Èèyàn á ti kú tán, tẹlifíṣọ̀n onílé á ṣì máa sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀.

Òpó irin wá tún ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́ sí i. Nínú ọgbà atani, bí wáyà bá kan òpó irin, iná á sá wọlẹ̀, ọgbà á sì di òkú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ike tàbí tánganran há àárín wáyà àti òpó, tí wọ́n sì ń gé koríko tó bá fẹ́ kan wáyà. Nínú ọgbà apani, bí wáyà bá kan òpó, òpó pàápàá á di iná, ilẹ̀ tútù tó yí ìdí rẹ̀ ká á di ewu. Nígbà òjò, ẹni tí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan wáyà lè kàgbákò.

Kò tán síbẹ̀. Ta ni kò mọ NẸ́PÀ? Iná lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lóru ọjọ́ mẹ́ta yẹn, wáyà ọgbà apani kò yàtọ̀ sí okùn ìsáṣọ, olè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òkùnkùn gan-an ni àsìkò iṣẹ́ rẹ̀. Iná á wá dé lójijì ní ọ̀sán gangan, àwọn ọmọdé á pariwo "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!", ọ̀kan nínú wọn sì lè fara ti ọgbà nígbà náà. Ohun tó ń sùn nígbà tí olè bá dé, tó ń jí nígbà tí ọmọ bá ń ṣeré, ṣé ààbò nìyẹn?

A mọ ohun tí àwọn kan ń sọ: "Ẹni tí kò bá fẹ́ jalè, kí ló wá dé ìdí ọgbà mi?" Ìdáhùn wa pọ̀. Ewúrẹ́ aládùúgbò sọnù, ó ń wá a. Adẹ́mu ń gba ẹ̀gbẹ́ oko kọjá. Òjò wó ọgbà lulẹ̀ lóru, wáyà wá nà sójú ọ̀nà. Ọmọ onílé fúnra rẹ̀ gbàgbé kọ́kọ́rọ́. Kí á tilẹ̀ gbà pé olè ni. Abala 33 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fún gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè. Lóòótọ́, ó fàyè gba kí èèyàn fi agbára dáàbò bo ohun ìní rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó yẹ ni, kì í ṣe ohunkóhun tó bá wu èèyàn. Wáyà kò lè wọn ìwọ̀nba. Kò mọ adìẹ jíjí yàtọ̀ sí ìdigunjalè. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n dá.

Àwọn baba wa dáàbò bo oko kí NẸ́PÀ tó dáyé. Àalè ni wọ́n ń lò: ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo, àkísà pupa, àlòkù bàtà, tí wọ́n so kọ́ sára igi tàbí sórí ẹrù. Ìwúlò àalè kò sí nínú ìpalára nìkan. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún ẹni tó ń kọjá pé ohun yìí ní olówó, bí o bá mú un, wàhálà ń bọ̀. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló lè kà á, ìbáà má tilẹ̀ wọ ilé ìwé rí. Ọgbà apani ń pani kó tó sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nìyí. Níbi tí wọ́n bá ti gbé àkọlé ìkìlọ̀ kọ́ sára ọgbà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́ jù. Ìyá àgbà tó ń ṣẹ́gi lẹ́bàá oko kò lè kà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Ewu ń bẹ! Iná wà lára wáyà yìí. Má fọwọ́ kàn án." Kí wọ́n sì ya àwòrán ọwọ́ àti mànàmáná sí i fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹni tó bá sọ pé kò sí iṣẹ́ fún ẹni tó kọ́ Yorùbá, kó wá gba ọ̀dà lọ́wọ́ wa.

Àwọn àgbẹ̀ á ní owó ọgbà atani ti pọ̀ jù fún ẹnì kan. Òótọ́ ni, nítorí náà kí ẹnì kan má dá a ṣe. Bí àgbẹ̀ mẹ́rin bá ní oko hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan tó dọ́gba ní igun mẹ́rin, tí wọ́n fara kan ara wọn, ọgbà tí kálukú máa dá ṣe jẹ́ mítà 400, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,600. Bí wọ́n bá fi ọgbà kan ṣoṣo yí oko mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, mítà 800 péré ni. Ìdajì ti lọ, ẹ̀rọ kan àti sólà kan á sì tó wọn. Kí ni à ń pè ní àáró, bí kì í bá ṣe èyí? Erédò Súngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, yàrà àti ògiri amọ̀ tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 160, kì í ṣe ẹnì kan ló dá a wà.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ rèé. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa onílé, ẹ yọ wáyà NẸ́PÀ kúrò lára ọgbà yín lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, ẹ yẹ ọgbà àdúgbò wò bí ẹ ṣe ń yẹ owó ọlọ́dẹ wò. Ẹ̀yin oníṣẹ́ iná, ẹ kọ iṣẹ́ náà, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí owó yẹn ń rà. Ẹ̀yin ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ ṣe òfin tó sọ irú ẹ̀rọ tí èèyàn lè lò, kí ẹ sì ran ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti rà á. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kí ẹ tó san owó ilé, ẹ bèèrè ohun tó wà lára fẹ́ǹsì. Bí onílé bá ní iná NẸ́PÀ ni, ẹ gbé owó yín, ẹ máa lọ.

Ẹ̀gẹ́ tí olè hú, a lè tún un gbìn. Fóònù tó sọnù, a lè tún un rà. Ọmọ tó bá lẹ̀ mọ́ wáyà, ta ni yóò dá a padà fún ìyá rẹ̀?