Ọtí Tí A Tọ́ Wò Pẹ̀lú Ọ̀rẹ́

Àwọn àgbà a máa sọ pé ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í nini lára. Ọ̀rọ̀ náà bá ọtí mu ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Ní ìlú Brussels àti àwọn abúlé tó wà nítòsí rẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, irú bíà kan wà tí wọ́n ń pè ní lambic. Àkókò òtútù, láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹrin, ni wọ́n ń pọn ọ́n. Bí wọ́n bá ti sè é tán, wọn a ṣí i sílẹ̀ nínú agbada fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ lè bà lé e. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò rọ ọ́ sínú àgbá onígi. Wọn a da ti ọdún 1, ti ọdún 2 àti ti ọdún 3 pọ̀, wọn a rọ ọ́ sínú ìgò, wọn a sì dí i pa. Àdàpọ̀ yìí ni gueuze, ó sì lè wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ fún ọdún 20 láìbàjẹ́.

Ẹni tó ní irú ìgò bẹ́ẹ̀ kì í sábà dá a mu. Ọ̀rẹ́ ni yóò pè. Wọn a bu díẹ̀díẹ̀, wọn a gbọ́ òórùn rẹ̀, wọn a tọ́ ọ wò, wọn a sì jọ sọ ohun tí ọjọ́ ti fi kún un. Ní ọdún 2016, àjọ UNESCO ka àṣà bíà ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù mọ́ ogún ìran ènìyàn.

Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹmu náà kì í gba ìwúkàrà lọ́wọ́ ènìyàn. Ara ọ̀pẹ àti afẹ́fẹ́ ni tirẹ̀ ti ń wá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹmu kì í dúró deni. Èyí tó dùn láàárọ̀ ti le ní ìrọ̀lẹ́, kò sì ní pẹ́ di ọtí kíkan. Ẹmu kò lè gbó, àṣà mímu rẹ̀ ni ó gbó. Ẹni tó gbé e wá ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àwọn yòókù lè balẹ̀. Àbúrò ni yóò gbọ́tí, àgbà ni yóò kọ́kọ́ gba ahá.

Àṣà yìí ni ọtí inú ọ̀rá fẹ́ pa. Ọtí líle inú ọ̀rá kò béèrè ọ̀rẹ́, kò sì béèrè ìjókòó. Awakọ̀ a fi eyín já a ní ibùdókọ̀, a dà á sọ́nà ọ̀fun, a sì wa èrò lọ. Ọmọ ilé-ìwé a fi í pamọ́ sínú àpò. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin de ṣíṣe é, awuyewuye ńlá sì dìde. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè jókòó ti ọ̀dọ́ bí àgbà ti ń jókòó tì í.

Ẹni tí ẹ̀sìn tàbí ìlera rẹ̀ kọ ọtí, kí ó má fọwọ́ kàn án. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí baba tó bá ń mu ún jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà rí bí a ti ń tọ́ ọ wò, bí a ti ń pín in, àti ìgbà tí a ń gbé ahá sílẹ̀. Ọtí tí ènìyàn kò lè mu lójú ọ̀rẹ́ àti àgbà, kí ó fi í sílẹ̀.