OHUN ÈLÒ INÚ ILÉ: Ike Ń Gbó, Kì Í Jẹrà

  

Ẹ̀yin tí ẹ wá sí ìpàdé ìdílé tó kọjá, gbogbo yín lẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá wa àgbà fẹ́ jókòó sórí àga ike funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí ẹsẹ̀ àga fi kán, tí wọ́n sì ṣubú. A dúpẹ́ pé egungun ìbàdí wọn ò kán, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń fi ọ̀pá rìn. Láti ọjọ́ yẹn ni oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Àwọn kan ní ká lọ bi Ifá. Ẹ bi Ifá, n ò ní kẹ́ ẹ má bi í. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àga yẹn, èmi gan-an ni mo jẹ̀bi ẹ̀.

Èmi ni mo ra àwọn àga yẹn. Èmi náà ni mo tò wọ́n sẹ́yìn ilé fún ọdún mẹ́fà, níbi tí oòrùn ti ń pa wọ́n láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó sì yẹ kí n mọ̀, torí ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ́ ike nílé iṣẹ́ kan ní Sàngó Ọ̀tà. Ohun tí mo mọ̀ tí mi ò sọ, òun ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn yín. Ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké ni wọ́n sín pọ̀ tó fi gùn. Bí ike ṣe rí nìyẹn. Ohun tín-ín-tìn-ín tí ojú ò lè rí ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn so kọ́ra, wọ́n gùn bí okùn, wọ́n sì lọ́ mọ́ ara wọn. Gígùn yẹn ló ń fún ike lágbára. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á tẹ̀, kò ní kán.

Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Apá kan wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú wa kì í rí, UV ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń já àwọn okùn yẹn. Ibi tó bá ti já, afẹ́fẹ́ á wọ ibẹ̀, á tún máa já òmíràn, bó ṣe ń mú kí irin dógùn-ún. Ooru sì ń mú kó yá sí i. Nígbà tí okùn gígùn bá ti di kéékèèké, ike ò lè tẹ̀ mọ́, kíkán ló kù.

Polypropylene ni wọ́n fi ń ṣe irú àga yẹn. Giulio Natta, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, ní 1954. Nígbà tó sì di 1972, Henry Massonnet ní ilẹ̀ Faransé gbé àga ike alápá kan jáde tí ẹ̀rọ ń dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irú èyí tó kún òde àríyá wa lónìí. Ìyá wa àgbà ti ń bá ìyá wọn kiri ọjà kí ike yẹn tó dáyé. Wọ́n jù ú lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ darúgbó.

Ike yìí ò fara da oòrùn rárá. Tí wọn ò bá po nǹkan kan mọ́ ọn, oṣù díẹ̀ nínú oòrùn ilẹ̀ wa ti tó láti sọ ọ́ di ohun tó ń kán wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ fi ń po oògùn ààbò mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń yọ́ ọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé oògùn tá a bá sin sẹ́nu ọ̀nà, a máa ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ti inú ike ò ṣeé sọ dọ̀tun. Bó ṣe ń jà fún ike ló ń tán lọ. Àga tówó ẹ̀ bá sì kéré jù, ó lè jẹ́ pé oògùn yẹn ni wọ́n dín kù, tàbí kó jẹ́ ike àlòkù ni wọ́n tún yọ́. Gbogbo ìgbà tá a bá sì tún ike yọ́ ni okùn inú ẹ̀ ń kúrú sí i.

Ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé kí ló dé tí ọ̀pọ̀ táńkì omi fi dúdú? Kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà. Ohun dúdú bíi ti ìdí ìkòkò orí iná ni wọ́n pò mọ́ ọn. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn sára kó má baà wọ inú lọ. Ìyẹn ló ń mú kí táńkì dúdú pẹ́ lórí òpó.

Báwo la ṣe ń mọ èyí tó ti gbó? Ẹ fi ọwọ́ nù ún. Tí nǹkan funfun bí ẹfun bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ojú ẹ̀ ti kú. Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ àga ti so mọ́ ìdí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ẹ má jẹ́ kí àgbàlagbà jókòó lé e mọ́, àní kí aboyún náà má jókòó lé e.

Kì í ṣe àga nìkan o. Okùn rọ́bà tó ti sílíńdà gáàsì lọ sí ààrò náà ń gbó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu sílíńdà. Tó bá ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tàbí tó le bí igi, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wáyà iná ńkọ́? Ohun kan bí òróró ni wọ́n fi mú kí ike ara ẹ̀ rọ̀. Ooru ń lé e jáde díẹ̀díẹ̀, títí ike á fi le, tí á ya, tí bàbà inú ẹ̀ á hàn síta. Mo yẹ wáyà tó lọ sí ojúbọ wa wò lọ́jọ́ kejì ìpàdé. Ibi méjì ló ti ya. A ti pààrọ̀ ẹ̀.

Àwọn ọmọ wa kan bi mí pé kí ló dé tá ò lè gbé omi Ọ̀ṣun sínú kẹ́ẹ̀gì, ṣebí ìkòkò máa ń fọ́. Ìbéèrè gidi ni. Ìkòkò fọ́, amọ̀ ni àpáàdì ẹ̀. Igbá fọ́, ilẹ̀ gbà á. Ike náà á fọ́, á máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ títí á fi kéré ju iyanrìn lọ, ike náà ṣì ni. Ẹja odò á gbé e mì, àwa náà á jẹ ẹja. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ẹbọ lọ sódò, kó fi ewé tàbí igbá gbé e. Tó bá jẹ́ ọ̀rá ló fi gbé e dé ibẹ̀, kó mú ọ̀rá náà padà wálé.

Kí ọdún tó dé, ẹ bá mi yẹ ilé yín wò. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Àga mọ́kànlá tó kù, mo ti fọ́ wọn, mo kó wọn fún àwọn tó ń ra ike àlòkù. Ẹ má sun tiyín níná o, èéfín ẹ̀ burú fún àyà. Àwọn tuntun tá a bá rà, abẹ́ òrùlé ni wọn óò máa wà.

Ìyá wa ti ń rìn láìlo ọ̀pá. Wọ́n ní kí n kí yín. Àpótí ìrókò bàbá wa ni wọ́n ń jókòó lé báyìí. Wọ́n ní àwọn ò kúrò lórí ẹ̀ mọ́.

Ire o. Àṣẹ.