Ṣé Àwo Tó Gba Púpọ̀ Ló Dára Jù?

Ọ̀rọ̀ àwo sídì tí a fi pa ohùn àti àwòrán ẹbí mọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ọ̀pọ̀ ilé ló ṣì ní wọn nínú àpótí: ti ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ, ti ìsìnkú, àti ti ìwàásù.

Ní ọdún 2003, a ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún Màmá wa ní Àgùdà. Ìṣẹ́jú 88 ni fídíò náà. Ẹni tó yà á ní kò sí ìdí fún àwo méjì, òun ní èyí tó ń gba ìṣẹ́jú 90. Inú wa dùn pé owó àwo kan la ó san. Ó fi hàn wá lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ilé, tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í já, ẹ̀rọ VCD wa sì dúró pátápátá. Ibẹ̀ gan-an ni Màmá ti ń dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń súre fún wa. Nígbà tí Màmá sùn nínú Olúwa, a rántí àwo yìí.

Kí ló fà á? Láti ìgbà tí Philips àti Sony ti gbé ìlànà sídì kalẹ̀ ní 1980, ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, tó ń yí bí ìkarahun ìgbín láti àárín lọ sí etí. Ìṣẹ́jú 74 ni àwo tí a lè kọ nǹkan sí máa ń gbà. Lẹ́yìn náà ni ti ìṣẹ́jú 80 dé. Àwọn tó ṣe ti 90 àti 99 kò mú kí àwo fẹ̀ sí i. Bí àgbẹ̀ tó sún ebè mọ́ ebè lórí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ṣe sún ìlà mọ́ra. Àmì tó ń sọ gígùn àwo fún ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ kò tilẹ̀ lè ju ìṣẹ́jú 79 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59 lọ. Nítorí náà, ipá ni a fi ń kọ ìyókù. Ẹ̀rọ kan lè kà á, kí òmíràn kọ̀. Níwọ̀n bí a ti ń kà á láti àárín lọ sí etí, ìparí ni wàhálà sábà máa ń wà.

Ẹ̀yin tí ẹ gba ìwàásù sórí kásẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rántí C120. Ó gùn ju C60 lọ, ṣùgbọ́n téèpù rẹ̀ tín-ín-rín, ẹ̀rọ a sì máa wé e mọ́nú.

Ìmọ̀ràn mi nìyí:

1. Bí ohun tí ẹ ń kọ bá gùn, ẹ pín in sí àwo méjì, bí àwọn oníṣòwò fíìmù ti ń ṣe Apá Kìíní àti Apá Kejì.

2. Ẹ dán an wò nínú ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ sì wo ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn.

3. Ẹ má fi sínú oòrùn, nítorí àró inú rẹ̀ máa ń ṣá. Ẹ má fi bírò kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn náà tètè ń bàjẹ́ ju ojú tó ń dán lọ.

4. Ẹ ṣe àdàkọ àwọn ti àtijọ́ nísinsìnyí, sí ibi méjì ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ojú àwo mọ́.

Ní tiwa, kọ̀ǹpútà mẹ́rin ni a gbé àwo Màmá dé iwájú wọn. Ẹ̀kẹrin, èyí tó gbó jù, ló kà á dé òpin. A dà á kọ lójú ẹsẹ̀. Àbúrò mi obìnrin gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu Màmá, ó sì bú sẹ́kún.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ lọ ṣí àpótí yín lónìí. Ó di oṣù tó ń bọ̀.