Ta Ló Da Yéjídé?

Ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni Stay With Me tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ, tó jáde ní 2017. Àǹtí mi ló yá mi. Inú dánfó láti Ìsọlọ̀ sí Òṣòdì ni mo ti ka púpọ̀ nínú rẹ̀, kódà lọ́jọ́ kan ọkọ̀ gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ọ́lẹ̀.

Iléṣà ni Yéjídé àti Akin ọkọ rẹ̀ ń gbé, láyé ìjọba Babangida. Yéjídé ní ṣọ́ọ̀bù irun, Akin ń ṣiṣẹ́ báǹkì. Wọn ò tètè rọ́mọ bí, ni ẹbí bá mú Fúnmi wá ṣe ìyàwó kejì. (Ẹni tí kò bá tíì kà á, kó fo ibi tó kàn yìí jàre.) Akin mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni ìṣòro wà. Kò sọ. Òun àti Dọ̀tun àbúrò rẹ̀ ló jọ dìmọ̀, tí Dọ̀tun fi di bàbá àwọn ọmọ, Yéjídé ò sì mọ̀ pé ọkọ òun lọ́wọ́ sí i.

Nígbà tí a sọ ọ́ ní Press Club, àwọn ọmọkùnrin ní ìfẹ́ ló mú Akin ṣe é, pé ojú ló ń tì í. Èmi ò gbà. Ta ló ru ìtìjú náà? Yéjídé ni wọ́n ń bú. Yéjídé ló fa ewúrẹ́ gun òkè àdúrà torí àtirọ́mọ bí. Akin sì ń wò ó.

Ìyá Yéjídé kú nígbà tó bí i, àárín àwọn ìyàwó bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí, kò sí èyí tó kà á sí ọmọ. Ilé ọkọ yìí nìkan ló pè ní ilé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dà á.

Nínú ilé face-me-I-face-you tí à ń gbé, gbogbo obìnrin ló ń jẹ́ Ìyá Lágbájá, àyàfi ẹnì kan. “Ìyàwó” là ń pè wọ́n, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Èmi náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, mi ò ro nǹkan kan sí i. Kò sẹ́ni tó bi ọkọ wọn léèrè ohunkóhun rí.

Ọjọ́ tí mo ka ìwé yẹn tán, mo lọ bá wọn nídìí ẹ̀rọ omi, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí lorúkọ wọn gan-an? Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ fún mi. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ni mo ń fi Àǹtí sí níwájú báyìí tí mo bá ń kí wọn láàárọ̀.