Ìbolẹ̀ Kì Í Ṣe Ìpadàbọ̀: Lórí Ewéko Àkùrọ̀ Tí A Pa Tì

Orúkọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń fi ewéko pín ilẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀dàn kì í ṣe igbó, àbàtà kì í sì í ṣe ọ̀dàn. Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ olómi tí àgbẹ̀ ń gbin ẹ̀fọ́, ilá àti àgbàdo sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èdè tí ó ní irú ìpínyà báyìí kò yẹ kí ó fi ọ̀rọ̀-ìperí kan ṣoṣo, 'ìpadàbọ̀sípò', pe gbogbo ohun tí ó bá hù lórí àkùrọ̀ tí àgbẹ̀ ti pa tì.

Kì í pẹ́ tí ewé fi ń bo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Èjìgbò. Ṣùgbọ́n ewé wo ni? Ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀ (ìjà òṣèlú wọn kò kan ewéko), ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá ni. Kì í fẹ́ ibi tí omi ń dúró sí. Bí ó bá gba àárín àkùrọ̀ kan, ẹ̀rí ni pé omi ti kúrò níbẹ̀. Àgbẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n yàrà tí ó gbẹ́ láti fa omi kúrò lẹ́bàá ebè rẹ̀ kò lọ. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gbin cranberry, èso pupa kíkan kan, sórí àbàtà. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ a máa da yanrìn lé ilẹ̀ náà léraléra, wọn a sì gbẹ́ yàrà yí i ká. Nígbà tí wọ́n pa àwọn oko kan tì, igi ilẹ̀ gbígbẹ ni ó ń hù níbẹ̀. Ní Tidmarsh, ní ìlú Plymouth, ó di ìgbà tí wọ́n dí yàrà, tí wọ́n sì tú yanrìn náà ní 2015 sí 2016, kí ewéko olómi tó tún gba ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn hù láti inú irúgbìn tí ó ti sùn sínú ẹrẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Nítorí náà, ó tọ́ kí 'ìbolẹ̀' dúró fún ìwọ̀n ilẹ̀ tí ewé bò, irú ewé yòówù kí ó jẹ́, kí 'ìpadàbọ̀' sì dúró fún ìgbà tí àwọn ewéko olómi bá tún gba ipò wọn: òṣíbàtà níbi tí omi jìn díẹ̀, ọ̀mùnú ògùrọ̀, àti àwọn koríko etídò tí ọ̀pá wọn ní igun mẹ́ta. Kí wọ́n fi wé àbàtà ìtòsí tí ọkọ́ kò kàn rí. Ìparí òjò ni ó dára láti ka ewéko, nítorí òdòdó ni a fi ń dá púpọ̀ nínú wọn mọ̀. Omi ńkọ́? Àwọn àgbà ti wí pé àkùrọ̀ ti lómi tẹ́lẹ̀ kí òjò tó rọ̀ sí i. Oṣù kejì ọdún, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ni kí wọ́n wọn ọ́n, nítorí kò sí ilẹ̀ tí kì í tutù nígbà òjò.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀-ìperí méjì ti pọ̀ jù fún ọ̀rọ̀ koríko. Àgbẹ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Òun náà a máa ya 'ilẹ̀ ti di igbó' sọ́tọ̀ kúrò lára 'omi ti padà'. Bí ìwé ìwádìí bá sì ti kéde 'ìpadàbọ̀sípò' nítorí ewé Akíntọ́lá, kò sí ẹni tí yóò tún ronú àtilọ dí yàrà náà.