"Ọkàn Yín Ti Le"

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ojú tí a fi ń wo inú àyà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àbúrò ìyá mi kan, oníṣòwò aṣọ, bẹ̀rẹ̀ sí mí gúlegúle bí ó bá rìn díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn kan. Dókítà, ọmọ Yorùbá bí tiwa, wò ó, ó ní, "Mà, ọkàn yín ti le." Ó kọ oògùn, ó pe ẹlòmíràn wọlé. Ẹkún ni ìyá yìí sun délé. Ó ní, "Kí ni mo ṣe tí ọmọ tí mo lè bí fi pè mí ní ọ̀dájú?" Oṣù márùn-ún ni kò fi padà síbẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò purọ́. Ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ni ó ń rán wọ inú àyà. Ìró náà a kọlu ọkàn, a padà bí gbohùngbohùn, ẹ̀rọ a sì sọ ọ́ di àwòrán. Inge Edler àti Carl Hellmuth Hertz ni wọ́n kọ́kọ́ lo irú rẹ̀ fún ọkàn ní Lund, ní Sweden, ní 1953.

Ohun tí ojú yìí rí ní Áfíríkà yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ òyìnbó. Nínú ìwádìí THESUS-HF, tí ó jáde ní 2012, wọ́n yẹ aláìsàn 1,006 wò ní orílẹ̀-èdè 9, Nàìjíríà wà lára wọn. Agbára ọkàn gbogbo wọn ti dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí wọn kò ju nǹkan bí ọdún 52 lọ bí a bá pín in dọ́gba. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa ti nǹkan bí 45 nínú 100. Dídí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn, tí ó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, kò tó 8 nínú 100. Ní Maputo, ní Mòsáńbíìkì, ìwádìí 2007 yẹ ọmọ ilé-ìwé 2,170 wò fún àrùn ọkàn tí ọ̀nà ọ̀fun dídùn ọmọdé máa ń dá sílẹ̀. Ọwọ́ àti etí dókítà rí 5. Àwòrán rí 66.

Kí wá ni dókítà ìjẹ́un fẹ́ sọ? Bí apá ẹni tí ń gún iyán lójoojúmọ́ ṣe ń ki, bẹ́ẹ̀ ni ògiri ọkàn tí ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jìjàkadì ṣe ń nípọn. Ṣùgbọ́n agbára kọ́ ni ti ọkàn. Kì í nà dáadáa mọ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè kún inú rẹ̀. Ó yẹ kí ó wí pé, "Mà, ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú kí ògiri ọkàn yín nípọn. Ẹ má ṣe dá oògùn yìí dúró." Ṣé ọ̀rọ̀ yìí ju Yorùbá lọ ni? Lóòótọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, ṣùgbọ́n odidi ọ̀rọ̀ ni ó tọ́ sí aláìsàn.

Èmi kò dá dókítà nìkan lẹ́bi. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ńkọ́? A ń gba oríkì àti ìjálá sílẹ̀, ó dára. Ta ni nínú wa tí ó ti jókòó sí yàrá dókítà rí? Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹgbẹ́ wa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jọ kọ ìwé pélébé kan, ti àwọn ọ̀rọ̀ tí dókítà lè bá aláìsàn sọ nípa ọkàn. Kí a kọ́kọ́ kà á fún àwọn ìyá ọjà, kí á gbọ́ ohun tí wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀, kí á tó tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ ni kí ó máa rán ènìyàn lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí ohun tí a ń dè mọ́ apá kò wọ́n tó ẹ̀rọ àwòrán, ó sì lè tètè kìlọ̀ kí ògiri ọkàn tó nípọn.

Àbúrò ìyá mi ti padà sí ilé-ìwòsàn. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ, èmi ni mo sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un. Ẹni tí kò ní ọmọ tí yóò tẹ̀ lé e ńkọ́?