Ọtí Ní Òṣùwọ̀n, Agbára Ọlọ́pàá Náà Gbọ́dọ̀ Ní Òṣùwọ̀n

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó máa ń di ariwo ní ìpàdé. Bí a bá ti dárúkọ ọtí àti ọkọ̀, àwọn kan á ní kí ọlọ́pàá kó gbogbo awakọ̀ ọ̀mùtí, kí wọ́n má wo ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn á dìde, wọ́n á ní bí ọlọ́pàá bá ti rí ìdí tuntun láti dá ọkọ̀ dúró, ìdí tuntun láti gbowó ni ó rí. Ní ojú tiwa, òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, wọn kò sì ta ko ara wọn. Bí a kò bá fi òṣùwọ̀n sí agbára ọlọ́pàá, ọwọ́ òfin kò ní tẹ awakọ̀ ọ̀mùtí láé.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ọtí bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ tó mutí yó kò fi ẹ̀mí ara rẹ̀ nìkan ṣeré. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láago márùn-ún ìdájí ni òṣìṣẹ́ tó ń lọ gba iṣẹ́ òwúrọ̀. Ẹni tó dúró létí títì ni ìyá tó gbé búrẹ́dì lérí. Ẹni tó so mọ́ ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì náà ni kọ̀ǹdọ́, ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ẹni tó bá ní ọ̀ràn ìjọba ni èyí, pé kì í ṣe ọ̀ràn ẹgbẹ́, kò ì tíì ronú dé ìdí ọ̀rọ̀.

Òfin ojú pópó ilẹ̀ wa ti fi òṣùwọ̀n sí i. Ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kò gbọdọ̀ ju 50 mílígíráàmù lọ nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo wa mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìgò bíà ńlá kan, 60 sẹ̀ǹtílítà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100, ní ojúlówó ọtí sẹ̀ǹtílítà 3 nínú. Bí agbára ògógóró bá jẹ́ 40 nínú 100, sẹ̀ǹtílítà 7 àti ààbọ̀ péré ti ní iye kan náà nínú. Ẹni tó da ife kékeré méjì mẹ́ta sọ́nà ọ̀fun ní gáréèjì, tó wá ń búra pé òun kò fẹnu kan bíà, ara rẹ̀ ni ó ń tàn jẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni paraga. Àwọn tó ń tà á máa ń pè é ní oògùn: èyí fún jẹ̀díjẹ̀dí, èyí fún ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí fún ibà. Egbò àti èèpo igi wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọtí líle ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Ẹ̀rọ tí ń wọn ọtí kò mọ oògùn yàtọ̀ sí fàájì.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí awakọ̀ òwúrọ̀ mọ̀ ni pé ọtí kì í kúrò lára nítorí pé a sùn. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́, díẹ̀díẹ̀, bí 15 mílígíráàmù ní wákàtí kan. Omi tútù kò lè mú un yára, kọfí kò lè mú un yára, orógbó kò sì lè mú un yára. Bí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan bá jẹ́ 150 ní agogo méjìlá òru, bíi 75 ni yóò ṣì kù ní agogo márùn-ún ìdájí. Ó ti sùn, ó ti wẹ̀, ó ti mu ẹ̀kọ, síbẹ̀ ó ti kọjá òṣùwọ̀n òfin nígbà tí ó ń tan ọkọ̀.

A kò ní dákẹ́ lórí ìdí tí àwọn kan fi ń mu ún. Ẹni tí yóò wakọ̀ láti ìdájí títí di agogo mẹ́wàá alẹ́, tí ẹni tó ni ọkọ̀ ń retí iye owó kan náà lálaalẹ́, ì báà jẹ́ pé òjò rọ̀ tàbí pé epo wọ́n, oorun á kì í, ẹ̀yìn á ro ó, ẹni tó ń ta paraga á sì wà níbẹ̀ láti agogo mẹ́rin ìdájí. Ìjọba náà mọ̀. Ní ọdún 2018, NAFDAC àti àwọn tó ń pọn ọtí fọwọ́ sí àdéhùn láti dín ọtí inú ọ̀rá kù títí tí yóò fi parẹ́. Ní February 2024 ni wọ́n ní àkókò tó, ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, wọ́n tún ti sún un di òpin 2025. Owó ọlọ́tí ní alágbàwí. Ẹni tí bọ́ọ̀sì bá tẹ̀ kò ní.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a yí sí ti ọlọ́pàá. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ní ojú ọ̀nà pé awakọ̀ ti mutí? Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ni wọ́n fi ń wò ó, imú ni wọ́n fi ń gbóòórùn rẹ̀. Ojú pupa ni ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ti jẹ eruku àti èéfín láti àárọ̀ á pọ́n. Ojú ẹni tí kò sùn á pọ́n. Ẹni tí ibà ń ṣe á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí ṣúgà ara rẹ̀ sì wálẹ̀ jù á máa sọ ìsọkúsọ, bí ẹni tó mutí yó gẹ́lẹ́. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ̀rọ nìkan ni ó lè fi ìyàtọ̀ hàn.

Níbi tí kò sí ẹ̀rọ, ẹnu ọlọ́pàá ni òṣùwọ̀n, owó sì ni ìdáhùn. Ẹ wo ohun tí ó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹni tó mutí yó ní tòótọ́ mọ̀ pé òun jẹ̀bi, kíá ni ó máa ń kì ọwọ́ bọ àpò. Ó san owó, wọ́n ṣí ọ̀nà fún un, ó sì tún wa ọkọ̀ náà lọ pẹ̀lú èrò inú rẹ̀. Ẹni tí kò fẹnu kan ọtí mọ̀ pé òun kò jẹ̀bi, ó ní òun kò ní san. Òun ni wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, òun ni yóò sun tẹ́ṣàn, òun ni yóò sì pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀gúnjẹ kì í mú ọ̀mùtí kúrò lójú ọ̀nà. Ìwé àṣẹ láti máa lọ ni ó ń tà fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí a fún ọlọ́pàá lágbára púpọ̀ sí i láìsí ìdíwọ̀n kò gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni là.

Kì í ṣe ìkórìíra ni ó ń mú wa sọ bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, M. D. Abubakar, pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo igi àyẹ̀wò kúrò lójú ọ̀nà káàkiri orílẹ̀-èdè, nítorí ìyà tó ń jẹ aráàlú níbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n tún padà. Ní October 2020 àwọn ọ̀dọ́ tú síta, ìjọba sì tú ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS ká ní ọjọ́ 11 oṣù náà. Ẹni tó ń wakọ̀ jẹun kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ìdí ìbínú yẹn fún un.

Ohun tí òfin sọ yàtọ̀ sí ohun tí ojú wa ń rí. Ní 1988 ni wọ́n dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin àjọ náà ti 2007 fún wọn lágbára láti mú ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó rú òfin ojú pópó, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ìfura náà gbọ́dọ̀ ní ìdí. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 35, sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú lè dákẹ́ títí tí yóò fi rí agbẹjọ́rò rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ó gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tí wọ́n bá mú láìtọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-máà-bínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Abala 36 sọ pé aláìlẹ́bi ni títí tí ẹ̀bi rẹ̀ yóò fi hàn. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sì sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Ẹ̀yin kọ̀ǹdọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: bí awakọ̀ bá sá lọ, ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n yóò tì mọ́lé dípò rẹ̀.

Ní October 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé kò sí òfin tó fún àwọn VIO ìlú náà lágbára láti dá ọkọ̀ dúró, láti gbà á, tàbí láti bu owó ìtanràn lé awakọ̀. Inú àwọn kan dùn, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò lè dá àwọn dúró mọ́. Ẹ ṣọ́ra o. Ìdájọ́ yẹn kò kan ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Bí wọ́n bá nawọ́, ẹ dúró. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ lo agbára gbọ́dọ̀ lè fi òfin tó fún un ní agbára náà hàn.

Àwọn kan yóò ní bí a bá fi òfin so ọlọ́pàá lọ́wọ́, àwọn ọ̀mùtí yóò gba ìgboro. Ẹ jẹ́ kí a wo Gẹ̀ẹ́sì tí a ti jogún púpọ̀ nínú òfin wa. Ní October 1967, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: òṣùwọ̀n 80 mílígíráàmù, àti ẹ̀rọ tí awakọ̀ ń fẹ́ èémí sí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n fẹ́ kí ọlọ́pàá lè yẹ ẹnikẹ́ni wò bó ṣe wù ú. Aráàlú kọ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ ní ìdí kí ó tó gbé ẹ̀rọ jáde: ìfura tó nídìí pé awakọ̀ mutí, tàbí pé ó ṣẹ̀ sí òfin ìrìnnà, tàbí pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Pẹ̀lú ìdíwọ̀n yẹn, àwọn tó kú lójú ọ̀nà dín kù láti 7,985 ní 1966 sí 6,810 ní 1968. Ohun tó ba awakọ̀ lẹ́rù ni pé ẹ̀rọ kò mọ ẹ̀bẹ̀, kò sì ní àpò tí a lè fi owó sí.

Àbá wa sí ìpàdé ẹ̀ka nìyí.

Èkínní, kí ẹgbẹ́ béèrè pé kí ẹ̀rọ tí ń wọn ọtí nínú èémí wà ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ mú awakọ̀ nítorí ọtí. Kí awakọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí nọ́ńbà rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé fún un. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ó má jẹ́ tẹ́ṣàn.

Èkejì, kí ó jẹ́ pé adájọ́ nìkan ni yóò dá ẹjọ́ ọtí. Ọlọ́pàá tó jẹ́ olùfisùn, tó tún jẹ́ ẹlẹ́rìí, kò gbọdọ̀ tún jẹ́ adájọ́. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ẹ̀rọ bá mú kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ náà mọ́ ní ọjọ́ yẹn, iye yòówù kí ó fẹ́ san. Kí ẹ̀ka rán ẹlòmíràn lọ wà á. A ó dúró ti ọmọ ẹgbẹ́ náà kí wọ́n má nà án, kí wọ́n sì tètè gbé e dé ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n a kò ní bẹ ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un.

Ẹ̀kẹrin, kí a lé ọtí kúrò nínú gáréèjì tó wà lábẹ́ wa. Àwọn ìyá tó ń ta paraga ní ọmọ tí wọ́n ń bọ́, nítorí náà kí a fún wọn ní àkókò àti àyè láti ta ẹ̀kọ, àkàrà àti omi níbẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹgbẹ́ bá àwọn ọlọ́kọ̀ àti ilé iṣẹ́ jókòó lórí wákàtí iṣẹ́. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ máa yẹ èémí awakọ̀ wò kí ọkọ̀ tó jáde, a fara mọ́ ọn, bí wọ́n bá ń yẹ awakọ̀ ọ̀gá náà wò. Ẹni tó bá kọjá òṣùwọ̀n nígbà àkọ́kọ́, kí ó sinmi ní ọjọ́ náà, kí ó sì rí dókítà. Bí ó bá tún un ṣe, kí ẹjọ́ rẹ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀ tí aṣojú ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀.

A mọ̀ pé àbá kẹta yóò bí àwọn kan nínú, wọ́n á ní ẹgbẹ́ fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ rò ó wò dáadáa. Nígbà tí a bá lọ sọ fún ìjọba pé kí ọlọ́pàá má fìyà jẹ wa láìsí ẹ̀rí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n á bi wá ni pé, "Bí ẹ̀rí bá wà ńkọ́?" Bí a kò bá ní ìdáhùn, wọn kò ní gbọ́ tiwa. Ẹgbẹ́ tó bá gbà kí a wọn ọmọ rẹ̀ ní ẹnu láti sọ pé kí wọ́n wọn ọlọ́pàá náà.

Ẹ wá sí ìpàdé, ẹ jẹ́ kí a jiyàn rẹ̀ níbẹ̀, kí a sì dìbò. Ẹgbẹ́ yóò gbè wá o.